Ọ̀gá Mo-Pàṣẹ àti Ogójì Ẹ̀rọ Aláìgbọràn

Bí ẹ bá bá ẹnì kan níbi tó ti ń kí ara rẹ̀ nínú dígí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà kó kí ara rẹ̀ tán. Ẹni tó bá wọlé kí ìkíni náà tó parí, ẹjọ́ ló wọlé wá rò. Báyìí ni àwọn òṣìṣẹ́ ṣe máa ń tò láràárọ̀ sẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ ìwé ọjọ́ ìbí, níbi tí aráàlú ti ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀, tí àgbàlagbà sì ti ń wá gba ẹ̀rí pé wọ́n bí òun lóòótọ́. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà nínú ọ́fíìsì ọ̀gá yìí. Ó ní kí wọ́n gbé dígí gàgàrà dí i, nítorí ó dá a lójú pé ohun tó wà nínú dígí yẹ ní wíwò ju ohun tó wà níta lọ.

Orúkọ ọ̀gá gùn. Orúkọ márùn-ún ni, oyè méjì sì ṣáájú wọn, òfin sì ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ̀wé sí i láì to gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Èmi ò ní tò ó síbí, kí bébà mi má baà tán. Lẹ́yìn rẹ̀, Mo-Pàṣẹ làwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, torí ọ̀rọ̀ méjì yìí ló fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo gbólóhùn rẹ̀. Òùngbẹ gbẹ ẹ́, á ní, "Mo pàṣẹ, ẹ bu omi wá." Ó sín, akọ̀wé rẹ̀ á sáré dìde, á ní, "Ẹ kú àṣẹ, sà."

Akọ̀wé náà ni wọ́n ń pè ní Bẹ́ẹ̀ni. Ó ti máa ń fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ ọ̀gá kí ọ̀gá tó sọ ọ́ tán. Lọ́jọ́ kan tí oòrùn ń mú ganrínganrín, ọ̀gá ní ó jọ pé òjò máa rọ̀. Bẹ́ẹ̀ni ṣí agbòòrùn rẹ̀ nínú ọ́fíìsì, ó sì dì í mú síbẹ̀ títí di ìgbà oúnjẹ ọ̀sán.

Ìlànà kan wà níbẹ̀ tí ẹ ò lè rí níbòmíràn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ẹ̀yìn àga ọ̀gá kọjá. Wọ́n ní ẹni tó bá débẹ̀ ń wo ìpàkọ́ ìjọba. Agbálẹ̀ máa ń gbálẹ̀ dé ẹsẹ̀ tábìlì ni, á yí padà. Eruku ẹ̀yìn àga yẹn ti lò tó ọdún mẹ́ta láì sẹ́ni tó dí i lọ́wọ́. Ó ti di òṣìṣẹ́ pátápátá, nígbà tí obìnrin kan wà nínú ilé kan náà tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án, tí kò tíì di òṣìṣẹ́.

Ìyá Wáyà ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Òun ló ń tọ́jú gbogbo ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́. Onígbà-díẹ̀ ni ìwé rẹ̀ ń pè é láti ọdún mẹ́sàn-án. Ìwé tó máa sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ gidi ti dé láti olú ilé-iṣẹ́, ó ku kí ọ̀gá fọwọ́ sí i, ó sì ti wà lórí tábìlì ọ̀gá fún oṣù márùn-ún, wọ́n ń gbé kọ́ọ̀pù tíì lé e. Bí ìparí oṣù yìí bá dé tí wọn ò fọwọ́ sí i, kò sí iṣẹ́ mọ́ nìyẹn. Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀. Ó jábọ́ látorí òrùlé, apá rẹ̀ ọ̀tún ò tíì gbé òòlù. Ọmọ méjì ń lọ sílé-ìwé. Iṣẹ́ Ìyá Wáyà nìkan ló gbé ilé náà dúró, òun náà sì mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ̀rọ wọn ṣe rí, kò le. Ogójì tábìlì ló wà nínú gbọ̀ngàn, àpótí kékeré kan tí kò tóbi ju ìwé kíkà méjì lọ sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ojú ìwòran rẹ̀. Àpótí wọ̀nyí ò ní ọpọlọ tiwọn. Ọpọlọ gbogbo wọn wà nínú ẹ̀rọ ńlá kan ní yàrá ẹ̀yìn, tí wọ́n ń pè ní sáfà, tí ètò tó ń jẹ́ Línúùsì ń darí. Tí wọ́n bá tan àpótí kékeré kan, á ké sínú wáyà pé, "Ta ni mí o? Níbo nilé mi?" Sáfà á dá a lóhùn pé, "Ìwọ ni Nọ́ńbà Kejìlá. Ọ̀dọ̀ mi nilé rẹ, wá gba iṣẹ́ rẹ." Ojú rẹ̀ á wá mọ́lẹ̀. Ìyá Wáyà kì í jẹ́ kí wọ́n pa wọ́n láìnídìí. Ọdún mẹ́sàn-án nìyí, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ igbe wọn rí, torí iṣẹ́ tó bá ń lọ déédéé kì í pariwo.

Wàyí o, lọ́jọ́ Ẹtì kan, Mo-Pàṣẹ ti ìpàdé òkè òkun dé pẹ̀lú àpótí ìńtánẹ́ẹ̀tì dúdú kan tó ní etí mẹ́rin tó dúró ṣánṣán àti iná tó ń ṣẹ́jú. Ó ní òun fẹ́ ìńtánẹ́ẹ̀tì ti ara òun nínú ọ́fíìsì.

"Bẹ́ẹ̀ni," ló wí, "ṣé ó yẹ kí ìńtánẹ́ẹ̀tì tó ń kọjá lọ́dọ̀ àwọn akọ̀wé kéékèèké tún máa wá kọjá lọ́dọ̀ mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àbí, rárá, sà. Èyí tí ẹ bá fẹ́, sà."

Torí pé kò sẹ́ni tó yẹ kó dé ẹ̀yìn àga, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló kúnlẹ̀ nínú eruku, ó so àpótí náà mọ́ wáyà tó jáde lára ògiri. Ihò márùn-ún ló wà lẹ́yìn àpótí. Ọ̀kan dúró lọ́tọ̀, ó ní àwọ̀ búlúù. Mẹ́rin yòókù pọ́n bíi wúrà. Ìwé tó bá àpótí náà wá sọ ọ́ kedere pé búlúù ni wáyà ara ògiri máa wọ̀. Ọ̀gá ò ka ìwé náà. Ó wo búlúù, ó wo wúrà, ó sì mú wúrà, torí ó wù ú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí wáyà ti wọ ihò wúrà, àpótí elétí mẹ́rin náà sọ ara rẹ̀ di sáfà. Bí àpótí kékeré bá ti ké pé, "Níbo nilé mi?" òun ló ń kọ́kọ́ dáhùn pé, "Ọ̀dọ̀ mi ni, máa bọ̀!" Ó sì máa ń yá ju sáfà lọ, torí kò ní iṣẹ́ mìíràn. Bí àpótí kékeré bá débẹ̀, kò ní bá nǹkan kan: kò sí iṣẹ́, kò sí ilé. Á kàn dúró síbẹ̀, ojú rẹ̀ á dúdú, lẹ́tà funfun mélòó kan á sì tò sí i.

Lọ́jọ́ Ajé, mẹ́ta péré ni kò jí. Àwọn mẹ́ta yìí ni agbálẹ̀ pa lọ́jọ́ Ẹtì kó lè nu tábìlì wọn. Mẹ́tàdínlógójì yòókù wà ní títàn látọjọ́ yìí, wọ́n mọ ilé wọn, wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ.

Ìyá Wáyà káàkiri gbọ̀ngàn, ó ń sọ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa èyí tó bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe àwọn mẹ́ta wọ̀nyí."

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Mo-Pàṣẹ, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Sísọ̀kalẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe nǹkan kékeré. Bẹ́ẹ̀ni ló ṣáájú, ó ń kígbe pé, "Ẹ dìde! Ẹ dìde!" Gbogbo òṣìṣẹ́ dìde, aráàlú tó wà lórí ìlà náà dìde, ọmọ ọwọ́ kan tó sùn jí, ó sì bú sẹ́kún.

"Mo pàṣẹ ìdákẹ́jẹ́ẹ́," ni Mo-Pàṣẹ wí, ó ń wo ọmọ náà. "Mo ti gbọ́ pé ẹ̀rọ mẹ́ta ń ṣàìgbọràn sí ìjọba tí mo dúró fún. Kí ló fà á? Ìkẹ́jù ni! Ẹ̀rọ tí wọn ò pa láti ọdún dé ọdún, kí ni kò ní jẹ́ kó gbàgbé ẹni tó ni ín? Nítorí náà, mo pàṣẹ: ẹ pa gbogbo rẹ̀! Láti òní lọ, ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ máa dìde, wọ́n máa tan ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà lórúkọ mi, wọ́n á sì pàtẹ́wọ́."

"Ọ̀gá, ẹ dákun, sà," ni Ìyá Wáyà wí, ó ti kúnlẹ̀. "Ẹ má pa àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Tá a bá pa wọ́n, wọn ò ní mọ̀nà ilé mọ́."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

"Onígbà-díẹ̀ kan ni, sà," ni Bẹ́ẹ̀ni wí.

Wọ́n pa gbogbo rẹ̀. Wọ́n tan gbogbo rẹ̀. Ogójì ojú dúdú pọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ sì pàtẹ́wọ́, torí wọ́n ti ní kí wọ́n pa á.

Nígbà tí ọ̀sán fi máa pọ́n, ìlà ti jáde sí ojú títì. Bíríkìlà kan wà lórí ìlà, èèyàn mọ́kànlá ló ṣáájú rẹ̀, sìmẹ́ǹtì ṣì wà léékánná rẹ̀. Ìwé ọjọ́ ìbí ọmọbìnrin rẹ̀ ló wá gbà kó lè wọ ilé-ìwé gíga. Ó béèrè ìgbà tí ẹ̀rọ máa jí. Wọ́n ní kó lọ kó padà wá lọ́la. Ó ní òun ò lọ o, ó sì jókòó sílẹ̀ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Mo-Pàṣẹ gbé ìgbésẹ̀ tí mo rò pé aráyé ò tíì rí irú rẹ̀: ó kọ kúẹ̀rì sí àwọn ẹ̀rọ. Kúẹ̀rì ogójì, òǹtẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Sí Nọ́ńbà Kejìlá. Wọ́n rí ọ níbi tí o ti ṣojú dúdú sí ọ̀gá rẹ lágogo mẹ́jọ òwúrọ̀. Láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, ṣàlàyé ìdí tí a kò fi ní bá ọ wí." Bẹ́ẹ̀ni fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ ojú àwọn ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Wáyà ni wọ́n ní kó bá wọn fèsì.

Ó jókòó síwájú Nọ́ńbà Kejìlá, ó ṣí igun kúẹ̀rì náà díẹ̀, ó ń ka lẹ́tà funfun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn yòókù gbà pé lẹ́tà wọ̀nyẹn ò nítumọ̀. Òun mọ̀ pé ẹ̀rọ ń sọ ohun tó ṣe é. Ó rí nọ́ńbà ẹni tó dá Nọ́ńbà Kejìlá lóhùn. Kì í ṣe nọ́ńbà sáfà. Ó lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ó ṣí ìwé ìrántí tí sáfà fi ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣe sílẹ̀: sáfà kọ ọ́ pé ìgbà ogójì lòun dáhùn láàárọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ò sì wá. Ó wá yé Ìyá Wáyà. Àlejò kan ti wà lórí wáyà wọn, ó ń jẹ́ orúkọ onílé.

Ìdáhùn tó kọ sí kúẹ̀rì kò ju ìlà kan lọ: "Nọ́ńbà Kejìlá ní òun ké pe ilé, ẹlòmíràn ló dá òun lóhùn."

Mo-Pàṣẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Bẹ́ẹ̀ni, kí ló dé tí Nọ́ńbà Kejìlá fi ń pòwe fún mi?"

"Ó ti bàjẹ́ gan-an ni, sà."

Lọ́jọ́rú, Ìyá Wáyà gbé àkàbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ wáyà. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ sára gbogbo wáyà ilé náà, nítorí náà kò pẹ́ kó tó mọ èyí tó ń ṣe ségesège: wáyà ọ́fíìsì ọ̀gá ni, tó yẹ kó dákẹ́, àmọ́ tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú bí ojú olófòófó. Kò lè wọ ọ́fíìsì, kí á má tíì sọ ẹ̀yìn àga. Ṣùgbọ́n wáyà náà ní orí kejì nínú yàrá ẹ̀yìn. Ó fà á yọ. Ó jáde sí gbọ̀ngàn, ó ní kí wọ́n pa Nọ́ńbà Kejìlá kí wọ́n tún un tàn.

Ó jí! Wọ́n tan ìkejì, ó jí. Kó tó di ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ogójì ti mọ́lẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ń ya kúẹ̀rì kúrò lójú wọn, aráàlú ń hó yèè. Èèyàn mọ́kànlá gba ìwé wọn. Ó kàn bíríkìlà. Òṣìṣẹ́ ti na ìka jáde láti tẹ orúkọ ọmọ rẹ̀, nígbà tí ilẹ̀kùn òkè ṣí gbà.

"Ta ló pa mí?"

Mo-Pàṣẹ ló dúró lórí àtẹ̀gùn. Ó ti ń wo fọ́nrán ọ̀rọ̀ tó sọ ní òkè òkun nínú ọ́fíìsì rẹ̀, ó ń wò ó ní ìgbà kẹtàdínlógún, ó dé ibi tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún un, ìńtánẹ́ẹ̀tì sì dákẹ́.

Ìyá Wáyà gun àtẹ̀gùn dé ìdajì, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn tó wà nísàlẹ̀ má baà gbọ́. "Ọ̀gá, ẹ má bínú, sà. Àpótí tuntun tí ẹ gbé ti òkè òkun dé ló ń dá àwọn ẹ̀rọ wa lóhùn, mo mọ irú rẹ̀. Kò bàjẹ́ o, sà, ihò tí wáyà wọ̀ ni kì í ṣe tirẹ̀. Tí ẹ bá lè fà á kúrò nínú ti wúrà, kí ẹ tì í bọ búlúù, gbogbo rẹ̀ máa lọ déédéé, ìńtánẹ́ẹ̀tì yín náà á sì máa ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin fúnra yín lè ṣe é, sà. Mi ò ní sọ fẹ́nì kankan. Mo lè sọ pé òjò ló fà á."

Ẹ ò rí i? Ilẹ̀kùn àbáyọ nìyẹn, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹni tó ní làákàyè tó kún ṣíbí tíì á ti gbabẹ̀ jáde. Mo-Pàṣẹ ò gbà.

"Kí n kúrò nínú wúrà? Kí n bọ́ sí búlúù? Nítorí àpótí tí kò tó búrẹ́dì?" Ó gbé ohùn sókè kí gbogbo gbọ̀ngàn lè gbọ́. "Mo pàṣẹ, ẹ dá wáyà mi padà! Ẹ̀rọ ogójì ló yẹ kó tọ ẹ̀yìn ọ̀gá, ọ̀gá kì í tọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ!"

"Bẹ́ẹ̀ ni!" ni Bẹ́ẹ̀ni ké.

Wọ́n dá wáyà náà padà, Mo-Pàṣẹ sì gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀yìn, ó kó o sápò. Ó ní kí wọ́n pa gbogbo ẹ̀rọ, torí pé lọ́la, Ọjọ́bọ̀, alábẹ̀wò láti olú ilé-iṣẹ́ ń bọ̀, iwájú rẹ̀ ni wọ́n máa ti tan wọ́n tàtẹ́wọ́-tàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Ìyá Wáyà.

"Ìwé rẹ wà lórí tábìlì mi. Tí àwọn ẹ̀rọ yìí ò bá jí lójú alábẹ̀wò lọ́la, ojú rẹ̀ náà ni màá ti fà á ya."

Bí Ìyá Wáyà ṣe ń di okùn bàtà ọmọ rẹ̀ kékeré láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọkọ rẹ̀ jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ tí kò lè lò, ó ń wò ó.

"Tí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé o ò mọ̀," ni ọkọ wí. "Ìwé yẹn là ń wá. Jẹ́ kí ọkùnrin náà bá wèrè rẹ̀ lọ."

"Bàbá àwọn ọmọ, tí mo bá ní mi ò mọ̀, kí wá ni wọ́n fẹ́ torí rẹ̀ gbà mí síṣẹ́?"

Ẹ̀rù ń ba Ìyá Wáyà. Okùn náà tú lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Alábẹ̀wò dé lágogo mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan ni, ó fi okùn so awò ojú kọ́rùn, ó gbé báàgì tí fáìlì àwọn ọ̀gá wà nínú rẹ̀, torí àtẹ̀rọ àtọ̀gá ló wá yẹ̀ wò. Mo-Pàṣẹ kí i káàbọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta.

"Màdámù, ẹ wo ojú mi. Ojú tí ẹ ń wò yìí kì í ṣe ojú lásán. Kí n tó dé síbí, àwọn ọmọ ìlú yìí ń wáyé ni, wọn ò mọ̀ pé àwọn wáyé. Èmi ló jẹ́ kí ìbí wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ta ni ì bá mọ̀ pé wọ́n bí ẹnikẹ́ni, bí kì í bá ṣe èmi?"

"Ìyá tó bí i ń kọ́?" ni bíríkìlà béèrè látorí ìlà.

Alábẹ̀wò tẹ ẹnu pọ̀ kó má baà rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ ká rí àwọn ẹ̀rọ."

Gbogbo òṣìṣẹ́ dìde. Wọ́n tan ogójì lẹ́ẹ̀kan náà. Ogójì dúdú. Àtẹ́wọ́ ró gèè, ó wá rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ku ti Bẹ́ẹ̀ni nìkan.

Mo-Pàṣẹ na ìka sí Ìyá Wáyà. "Màdámù, ẹni tó pa wọ́n nìyí! Mo sì ti mú ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ kí ẹ lè rí bí mo ṣe ń bá ọ̀lẹ wí." Ó gbé ìwé náà sókè, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí rẹ̀ mú.

"Ẹ ní sùúrù ná," ni alábẹ̀wò wí. "Arábìnrin, kí ló ń ṣe wọ́n?"

Ìyá Wáyà wo ìwé tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá. Ọdún mẹ́sàn-án rẹ̀ ló wà níbẹ̀, owó ilé-ìwé ọmọ méjì wà níbẹ̀.

"Mà, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Àpótí kan wà lẹ́yìn àga ọ̀gá tó ń dá wọn lóhùn kí sáfà tó dáhùn. Ihò tí wáyà rẹ̀ wọ̀ kì í ṣe ibi tó yẹ. Mo ti sọ fún ọ̀gá lánàá. Tá a bá yí i padà, wọ́n máa jí."

Ẹ gbọ́ krrr: ìwé náà ti ya díẹ̀ láti òkè.

"Ẹ jẹ́ ká lọ wo ẹ̀yìn àga," ni alábẹ̀wò wí.

"Màdámù, ẹnikẹ́ni kì í dé ibẹ̀!"

"Àwọn wo ni kì í débẹ̀?" Ó ti ń gun àtẹ̀gùn lọ. Mo-Pàṣẹ sáré tẹ̀lé e, Bẹ́ẹ̀ni sáré tẹ̀lé Mo-Pàṣẹ, Ìyá Wáyà tẹ̀lé gbogbo wọn. Alábẹ̀wò ti àga náà sápá kan, eruku ọdún mẹ́ta sì gbéra láti kí i. Ó sín lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sẹ́ni tó rántí kí i kú àṣẹ. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún Ìyá Wáyà, tó bẹ̀rẹ̀, tó fa wáyà kúrò nínú ihò wúrà, tó tì í bọ búlúù. Kò gbà ju ìgbà tí èèyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀kan.

Nísàlẹ̀, wọ́n pa wọ́n, wọ́n tàn wọ́n. Ogójì ojú mọ́lẹ̀ kedere. Àwọn tó wà lórí ìlà kígbe tó fi dé ojú títì.

Tí ọ̀rọ̀ bá parí síbí, ìtìjú kékeré ni Mo-Pàṣẹ máa jẹ. Wọ́n á bá a wí díẹ̀, á padà sídìí dígí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Bí Mo-Pàṣẹ ṣe bá alábẹ̀wò sọ̀ kalẹ̀ padà sí gbọ̀ngàn, tó gbọ́ ariwo ayọ̀, ó gbà pé òun ni wọ́n ń hó fún.

"Màdámù, ṣé ẹ rí i báyìí? Lábẹ́ àkóso mi! Ẹ̀rọ mi kì í ṣìnà, kì í sì í parọ́!"

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ ẹnì kan dán an wò," ni alábẹ̀wò wí. "Bàbá tó wà níwájú yìí, kí lorúkọ ọmọ yín?"

Kí bíríkìlà tó lanu, Mo-Pàṣẹ ti bọ́ síwájú rẹ̀. "Kí wọ́n fi ọmọ bíríkìlà ṣí irú ọjọ́ yìí? Mo pàṣẹ, orúkọ tèmi ni kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀! Onígbà-díẹ̀, ṣé ó lè jáde lójú gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Ó lè jáde, sà. Ọpọlọ kan náà ni gbogbo wọn ń lò."

"Ẹ gbé e síta, káyé rí i! Bẹ́ẹ̀ni, kà á sókè fún àwọn tó wà lẹ́yìn!"

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó jáde lójú ogójì. Bẹ́ẹ̀ni kì í ronú tó bá ń ka nǹkan ọ̀gá, ó kàn gbé ohùn sókè: orúkọ márààrún, orúkọ bàbá, orúkọ ìyá, ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n bí i. "Ọjọ́ orí," ló wí, ohùn rẹ̀ ń dún bí agogo, "ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin!"

Gbogbo orí yí sọ́dọ̀ Mo-Pàṣẹ.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ ti da gbogbo ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ inú yàrá ìkẹ́rùsí sínú sáfà. Mo-Pàṣẹ ló fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ṣe é. Kò ka ohun tó fọwọ́ sí, torí pé fọ́tò rẹ̀ wà lójú ìwé àkọ́kọ́, ibẹ̀ ló ń wò. Kì í sì í ṣe pé ó gbàgbé ọjọ́ orí rẹ̀. Irọ́ náà ti bá a gbé pẹ́, ó ti di ará ilé, kò rántí mọ́ pé òun ló gbé e wọlé.

Alábẹ̀wò gbé awò sójú, ó fa fáìlì kan yọ nínú báàgì, ó sì ṣí i. "Mẹ́rìnléláàádọ́ta ló wà níbí, ọ̀gá. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́, ẹ sì búra sí i. Ẹni tó bá pé ọgọ́ta nínú iṣẹ́ yìí, ilé ló ń lọ."

"Ẹlòmíràn ni!" ni Mo-Pàṣẹ wí. "Orúkọ wa ló jọra!"

"Orúkọ márùn-ún?" ni bíríkìlà béèrè.

"Ẹ̀rọ yẹn ń parọ́! Mo pàṣẹ, ẹ pa gbogbo rẹ̀! Bẹ́ẹ̀ni!"

Ó yíjú wá Bẹ́ẹ̀ni kiri. Bẹ́ẹ̀ni ti wà lẹ́yìn alábẹ̀wò, ó ti gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń bá a gbé e. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ló ń wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá náà ò tíì sọ nǹkan kan. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a; ti Mo-Pàṣẹ tún wá yàtọ̀, torí òun ló ránṣẹ́ pe òtítọ́ náà wá.

Alábẹ̀wò na ọwọ́. "Ìwé obìnrin yìí."

"Mo... mo fẹ́ fọwọ́ sí i tẹ́lẹ̀ ni, Màdámù. Ẹ fún mi ní bírò."

"Ẹ ò lè fọwọ́ sí nǹkan kan mọ́. Ọdún mẹ́fà nìyí tí ẹ kì í ti í ṣe òṣìṣẹ́ níbí. Lójú òfin, onígbà-díẹ̀ yìí jẹ́ òṣìṣẹ́ jù yín lọ."

Ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì Nọ́ńbà Kejìlá, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ibi tó ya, ó sì fọwọ́ sí i. Ìyá Wáyà fẹ́ dúpẹ́, ẹkún ló jáde. Ó sunkún níbẹ̀ láì tijú ẹnikẹ́ni, ìwé ní ọwọ́ kan, eruku ẹ̀yìn àga ní orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Nígbà tó nu ojú tán, ó lọ tẹ orúkọ ọmọ bíríkìlà fúnra rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, bàbá kan wá tò sórí ìlà. Olú ilé-iṣẹ́ ti ní kí ó mú ojúlówó ìwé ọjọ́ ìbí wá kí wọ́n tó lè pa fáìlì rẹ̀ dé. Àwọn tó mọ̀ ọ́n gbójú sílẹ̀. Ó gbìyànjú láti gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, obìnrin kan tó pọn ọmọ sẹ́yìn ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ẹ̀yìn ni ìlà ti bẹ̀rẹ̀." Ó padà sẹ́yìn. Ó lo wákàtí méjì lórí ìdúró. Ọmọbìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni, kò mọ̀ ọ́n rí.

"Ẹ káàsán, bàbá. Ọdún wo ni wọ́n bí yín?"

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ sókè díẹ̀, mi ò gbọ́."

Ó tún un sọ, gbogbo ìlà sì gbọ́.